Àwọn Tí Ó Ti Jàmáíkà Padà Gba Ojú Òkun

Ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni pé, nígbà tí ọmọ aládé tí ó jẹ́ Ọ̀ràngún jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, a fi ògbó kan lé e lọ́wọ́, ògbó náà ni ó sì ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó àti nínú ọ̀dàn títí ó fi dé ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Láti inú ọ̀rọ̀ náà pé ògbó mọ̀nà ni orúkọ wa ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà orí ilẹ̀ ni ògbó mọ̀. Bí a bá gbé e dé etí òkun, kí ni yóò ṣán níbẹ̀? Omi kò ní ipa. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, ojú rẹ̀ a tún padé bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a bí sí Òmù-Àrán àti agbègbè rẹ̀ ni kò fi ojú kan òkun títí a fi di géńdé. Bóyá nítorí èyí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé lónìí ṣe wọ̀ mí lọ́kàn ṣinṣin láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ kà á.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1843, ọkọ̀ ìgbòkun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Anderson ṣí ní èbúté Kingston, ní erékùsù Jàmáíkà. Àwọn ènìyàn dúdú 24 ni ó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Áfíríkà ni wọ́n ń lọ, tinútinú wọn ni wọ́n sì fi ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú àkókò tí àkókò náà jẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1834 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùsù wọnnì, ṣùgbọ́n a tún fi orúkọ mìíràn so àwọn ènìyàn mọ́ oko àwọn olúwa wọn títí di ọjọ́ 1 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1838. Nígbà tí Joseph Anderson fi ń ta ìgbòkun rẹ̀, òmìnira pípé kò tíì pé ọdún 5 ní Jàmáíkà. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú ọkọ̀ náà ti fi ojú ara wọn rí pàṣán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé tiwọn ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ohun tí ẹlòmíràn kì yóò ká. Òmìnira tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí ni wọ́n tún gbé kọjá òkun lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀.

Jàmáíkà kì í sì í ṣe ibi àjèjì pátápátá sí ìran wa. Ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí Ìlọrin bọ́ sí ọwọ́ àwọn Fúlàní kó ọmọ púpọ̀ dé etí òkun, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi, a kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùsù wọ̀nyí láti ṣiṣẹ́. Ìletò kan wà ní ẹkùn Westmoreland ní Jàmáíkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abẹ́òkúta títí di òní, níbi tí a ti mọ àwọn ará ibẹ̀ sí Nàgó. Ní ẹkùn Hanover tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn tí ó ń ṣe ètùtù àti àsè fún àwọn òkú wọn wà, tí wọ́n ń pe ìṣe náà ní Etu.

Nísinsin yìí, kí ni ó gbé ọkọ̀ náà dìde? Ikú ni. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1828 ni ẹgbẹ́ ìhìnrere ti Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, rán ọ̀dọ́mọkùnrin 4 dé Osu lẹ́bàá Accra, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Kí ọdún kan tó pé, 3 nínú wọn ti kú. Ẹnìkẹrin kú ní ọdún 1831. Ní ọdún 1832 a rán 3 mìíràn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ oníṣègùn. Oníṣègùn náà kú, ẹnìkejì rẹ̀ kú, ó sì ku Andreas Riis nìkan. Ibà náà mú òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ni ó fi ewé àti omi tútù gbà á là. Ní ọdún 1835 ó gun òkè Akuapem lọ sí Akropong, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì bá ọba ìlú náà, Addo Dankwa, rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí Yúróòpù ní ọdún 1840, kò rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó ti sọ di onígbàgbọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé ọba náà ni ó là á lójú. Ó ní ìwé tí Riis ń kà yìí, ti àwọn òyìnbó ni, Ọlọ́run ni ó fi fún wọn gẹ́gẹ́ bí Ó ti fi òrìṣà fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí Riis bá lè fi aláwọ̀ dúdú kan hàn án tí ó ń ka ìwé náà tí ó sì gbà á gbọ́, nígbà náà ni òun yóò tó rò ó. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àwọn olórí ní Basel rò ó, wọ́n sì rán Riis lọ sí Jàmáíkà, sọ́dọ̀ àwọn ìjọ Moravia, tí wọ́n ti ń wàásù fún àwọn ẹrú ní àwọn erékùsù wọnnì láti ọdún 1732. Àwọn tí ó bá a lọ ni J. G. Widmann àti ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, George Thompson, tí a mú láti Liberia tí ó sì kàwé ní Basel.

Kì í ṣe pé a kàn dá àwọn tí ó lọ yìí jọ sínú ọkọ̀. A bá wọn kọ ìwé àdéhùn. Ọdún 5 ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́. A óò fún wọn ní ilé gbé, àti ilẹ̀ tí wọn yóò fi dáko. Bí ọdún 5 bá pé, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ padà, ẹgbẹ́ náà ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé Jàmáíkà, bí kò bá ti sí àbùkù nínú ìwà rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé àdéhùn náà, èyí ni ó jọ mí lójú jù, pé a kọ ọ̀nà àbọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn òbí wọn àgbà tí a gbé kọjá òkun, ta ni ó kọ ìwé àbọ̀ fún wọn? Àwọn bàbá wa a máa ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni ilé fún ẹni tí a bí ní Jàmáíkà, tí a mú ìran rẹ̀ ti Áfíríkà lọ, tí ó sì tún ń padà sí apá Áfíríkà tí kì í ṣe ti ìran rẹ̀? Nígbà tí àwọn oníwàásù bá ń kọ ìwé, a máa dà bí ẹni pé ìbéèrè yìí kò sí. Wọ́n ní àwọn ọmọ Áfíríkà ń padà sí ilé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀.

Ẹnìkan wà nínú wọn tí ó ti gba ojú òkun náà rí. Catherine Mulgrave ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Etí òkun Angola ni a ti jí i gbé nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Àwọn atukọ̀ fi ohun dídùn tan òun àti àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ń ṣeré létí omi, wọ́n sì gbé wọn lọ. Ní ọdún 1833 ọkọ̀ ẹrú náà fọ́ ní etí Jàmáíkà, a yọ ọmọ náà láàyè, aya gómìnà erékùsù náà sì mú un sọ́dọ̀. Orúkọ gómìnà yìí, Mulgrave, ni ọmọ náà ń jẹ́ láti ìgbà náà lọ. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Mico ní Kingston, ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ George Thompson ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ fi ojú inú wo obìnrin yìí lórí ọkọ̀ Joseph Anderson! Àwọn tí ó kù ń wo òkun gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn àgbà wọn sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Òun ti sùn nínú ọkọ̀ ẹrú rí, ó sì mọ ohun tí omi máa ń sọ nígbà tí pákó bá fọ́.

Ẹni tí kò mọ ìṣe afẹ́fẹ́ ojú òkun lè rò pé ọ̀nà kan náà ni àlọ àti àbọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹkùn tí oòrùn ti ń mú, afẹ́fẹ́ kan wà tí ó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń ti ọkọ̀ ẹrú láti Áfíríkà lọ sí àwọn erékùsù. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà, iwájú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà yóò máa gbá. Nítorí náà, ọkọ̀ ìgbòkun tí ó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ gòkè lọ sí ìhà àríwá títí yóò fi bá afẹ́fẹ́ mìíràn pàdé, èyí tí ó ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá. Òun ni yóò gbé e la òkun ńlá já, lẹ́yìn èyí ni yóò tún sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, tí yóò sì rọra tọ etí ilẹ̀ Áfíríkà wọ ìyawọ omi Gínì. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n tí ó di dandan kí ó gba Ìlá. Nínú ìrìn yìí, ibi kan a máa wà tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ rárá. Ìgbòkun a rọ̀ jọwọ, ọkọ̀ a dúró sójú kan bí ère, oòrùn a sì máa pa ènìyàn lórí.

Joseph Anderson kò tíì jáde kúrò nínú òkun àwọn erékùsù nígbà tí ìjì dé bá a, ọjọ́ 5 ni ó sì fi jà. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Àwọn èrò tí kò mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní ohun tí wọn yóò ṣe ju kí wọ́n di ohun tí ọwọ́ wọn bá bà mú, kí wọ́n sì gbàdúrà. Lẹ́yìn ìjì ni ooru dé, lẹ́yìn ooru ni omi mímu ń tán lọ. Kì í sì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń mu omi nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n kó ẹran ọ̀sìn wá, ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka, wọ́n sì kó èso àti irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn. Ohun ọ̀gbìn kékeré tí a gbé sójú òkun kò lè mu omi iyọ̀. Mo máa ń rò ó pé, nígbà tí a bá ń fi òṣùwọ̀n pín omi fún ọmọ àti ìyá, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó ń bu díẹ̀ nínú ìpín yìí sí ìdí igi máńgòrò. A kò kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kankan.

Nígbà tí ó tó bí ọjọ́ 68, ní àkókò ọdún Àjíǹde, ní àárín oṣù Épírílì, wọ́n rí iná ilẹ̀. Ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ni Osu, lábẹ́ ilé olódi Christiansborg, tí ó jẹ́ ti ìjọba Dẹ́nmáàkì nígbà náà. Kò sí èbúté níbẹ̀. Ọkọ̀ a sọ ìdákọ̀ró sí ọ̀kánkán, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn ará ìlú a sì gun ìgbì lọ kó èrò. Gómìnà Edvard Carstensen gbà wọ́n pẹ̀lú inú rere. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ohun tí ilé olódi náà jẹ́. Láti abẹ́ ògiri rẹ̀ ni a ti kó ẹrú lọ sí àwọn erékùsù Dẹ́nmáàkì, St. Thomas, St. Croix àti St. John, fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn ìjọ Moravia tí ó bí àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí nínú ìgbàgbọ́, ní St. Thomas náà ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí a ti kó àwọn kan jáde ni àwọn yìí gbà wọlé.

Ní oṣù Júùnù wọ́n gun òkè lọ sí Akropong. Wọ́n fi òkúta kọ́ ilé, wọ́n tò wọ́n sí òpópó kan tí a ń pè ní Hanover, wọ́n sì gbin ohun tí ó kù láàyè. A ka máńgòrò, píà, àti irú kókò tí àwọn ará Gánà ń pè ní mankani mọ́ àwọn ohun tí ó tipa ọwọ́ wọn tàn ká ilẹ̀ náà. Ní oṣù Nofẹ́ḿbà ọdún 1843 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Osu, níbi tí Catherine Mulgrave, ọkọ rẹ̀, àti Alexander Worthy Clerk, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Fairfield ní Jàmáíkà, ti ń kọ́ni. Catherine ni ó sì kó àwọn ọmọbìnrin jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń tọ́ olùkọ́, tí ó wà ní Akropong títí di òní, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1848.

Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlàáfíà ni gbogbo rẹ̀. Aáwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Oúnjẹ wọ́n, owó kò tó, ilé kò tètè parí. Àwọn ará Jàmáíkà sì rí i pé ọwọ́ líle ni Riis fi ń darí wọn. Wọ́n rán an létí pé ẹni òmìnira ni wọ́n. Àwọn ìwé kan tí a kọ láti ìhà òyìnbó pe èyí ní ìkùnsínú àti àìmoore. Ní tèmi, ẹni tí ó kọ ojú sí òmìnira ọdún 5 péré kò lè má ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Riis fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1845, kò sì padà mọ́. Nígbà tí ọdún àdéhùn pé, àwọn kan béèrè fún owó ọkọ̀ wọn, wọ́n sì padà sí erékùsù wọn. Àwọn tí ó kù jókòó. Ìgbéyàwó Catherine pẹ̀lú Thompson dàrú, a tú u ká ní ọdún 1849. Ní ọdún 1851 ó fẹ́ Johannes Zimmermann, míṣọ́nnárì òyìnbó, ẹni tí kò dúró gba àṣẹ àwọn olórí rẹ̀ ní Basel kí ó tó gbé e níyàwó. Ilẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọdún 1891. Ní ti Alexander Clerk, ó pẹ́ títí di ọdún 1906. Ọmọ rẹ̀, Nicholas Timothy Clerk, di akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún àpéjọ ìjọ Presbyterian ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1918, nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni Matilda Clerk, obìnrin oníṣègùn, àti Theodore Clerk, ayàwòrán-ilé tí ó ṣe ètò ìlú Tema.

Ní Èsìẹ́, níhìn-ín lẹ́bàá wa, ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni ó wà, àwọn àgbà ibẹ̀ a sì máa sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn réré, tí a sọ di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo ti ronú kan ìtàn yìí nígbà tí mo ń kà nípa Akropong. Àlejò tí kò bá fẹ́ di òkúta ní láti di bàbá ẹnìkan, tàbí ìyá ẹnìkan, ní ìlú tí ó dé sí.

Àwọn Onítẹ̀bọmi tẹ̀lé wọn kíákíá. John Clarke àti Dókítà Prince ti bẹ erékùsù Fernando Po wò ní ọdún 1841; nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1842, ìjì ba ọkọ̀ wọn jẹ́, afẹ́fẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì gbé wọn kọjá òkun lọ sí Guyana; láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Jàmáíkà, tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ láti lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ènìyàn. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1843 ọkọ̀ Chilmark ṣí ní Falmouth pẹ̀lú àwọn ará Jàmáíkà bí 40, ó sì gúnlẹ̀ sí Fernando Po ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1844. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fara da ibẹ̀, wọ́n padà. Joseph Merrick, ọmọ Jàmáíkà, dúró ní Bimbia ní etí òkun Kamẹrúùnù, ó kọ́ èdè Isubu, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí i títí àárẹ̀ fi mú un. Ojú omi ni ó kú sí ní ọdún 1849, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba ìlera, inú òkun ni a sì sin ín sí.

Ó ku ẹnìkan tí ó kàn wá jù lọ. Robert Campbell, tí a bí ní Kingston ní ọdún 1829, kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe olùkọ́, ó sì fi erékùsù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí nǹkan le níbẹ̀. Ó gbé ní Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ni ní Philadelphia, kí òun àti Martin Delany tó gbà pé àwọn yóò wá ilẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó bá fẹ́ ṣí wá. Ní oṣù Júláì ọdún 1859 ó dé Èkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Dìsẹ́ḿbà, òun àti Delany bá Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní ìlú náà. Àdéhùn ilẹ̀ náà kò dúró. Kò pẹ́ tí a fi sẹ́ ẹ, ọwọ́ àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1860 Campbell rin ilẹ̀ wa lọ. Ó kọjá ní Ìjàyè, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dé Ìlọrin, ó rí ọba ibẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1861. Ìlọrin ni ó ti yíjú padà. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó kù kí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, bí a bá fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ìlú Ìgbómìnà púpọ̀ sì wà lábẹ́ ọwọ́ Ìlọrin nígbà náà, a ń san ìsákọ́lẹ̀ fún wọn, a sì ń kó àwọn ọmọ wa gba ọ̀nà kan náà tí Campbell ń padà gbà lọ sí etí òkun. Bí ó ti ń bọ̀ ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ó lọ, ṣùgbọ́n ó tún padà wá ní ọdún 1862, pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tí ó kọ́ ní Kingston kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù ọdún 1863 ó gbé ìwé ìròyìn Anglo-African jáde ní Èkó, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 1865. Èkó ni ó kú sí ní ọdún 1884.